Pogačar ni gbogbo ilé tẹ́tẹ́ fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ rọra o! Ohun tó wà nídìí ọ́ọ̀dì Tour de France

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí ayé gbà pé yóò gba ipò kìíní nínú Tour de France, kó má wulẹ̀ lọ bi àwọn agùnkẹ̀kẹ́, àwọn oní-tẹ́tẹ́ ni kó lọ bá. Oṣù keje ni eré kẹ̀kẹ́ ńlá yìí máa ń wáyé nílẹ̀ Faransé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì ni wọ́n ti máa ń to orúkọ kalẹ̀ bí ẹni to iṣu sórí àtẹ, tí wọ́n á sì kọ iye síwájú kálukú. Ní ọdún 2024 àti 2025, orúkọ kan náà ló wà lókè àtẹ yẹn, orúkọ ọ̀hún sì ni Tadej Pogačar, ọmọ ilẹ̀ Slovenia. Ẹ pè é ní Pogáṣà, ẹ ò jìnnà sí i. Iye tí wọ́n ń kọ síwájú ẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá mọ tẹ́tẹ́ yóò kàn ní, "Bánkà rè é," bí ìgbà táwọn bàbá tó ń ta púùlù láyé ọjọ́un bá rí nọ́ńbà tó dá wọn lójú ni. Àmọ́, ṣé bánkà ni lóòótọ́? Ohun tá a fẹ́ tú wò nìyẹn, torí owó tí bánkà ti gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó ná, kó tó kan kẹ̀kẹ́. Ká sọ pé wọ́n kọ 1.40 síwájú Pogačar. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ la mú yẹn o, kálukú ilé tẹ́tẹ́ ló ní tiẹ̀. Ẹni tó bá fi 1,000 náírà lé e, tó bá jẹ, 1,400 náírà ni yóò gbà. Èrè tó wà níbẹ̀ ò ju 400 náírà lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sì ni yóò fi gbé ẹnu sókè kó tó rí i. Ọ́ọ̀dì yẹn tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń sọ. Ẹ fi 1.40 pín 100, ohun tẹ́ ẹ máa rí lé díẹ̀ ní 71. Ìyẹn ni pé ohun tí oní-tẹ́tẹ́ ń sọ ni pé bí wọ́n bá sá eré náà nígbà 100, ìgbà 71 ni Pogačar yóò gbà á. Ká tún sọ pé wọ́n kọ 4.50 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, tiẹ̀ di 22. Wọ́n kọ 15 síwájú ẹni kẹta, tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di 7. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 100 ti pé! Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, àwọn 184 ló sì gbéra ní ìlú Lille nígbà tí wọ́n sá ti ọdún 2025. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù náà ló ní ọ́ọ̀dì tiwọn, wọ́n á tún rò ó mọ́ ọn. Gbogbo ohun tó bá fi lé lórí 100 yẹn, àpò oní-tẹ́tẹ́ ló ń lọ, ta ni ì báà wọlé.

Ká má jẹ̀bi ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń wò, ẹ jẹ́ ká sọ bí eré náà ṣe rí. Ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní L'Auto ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1903 kí ọjà ìwé wọn lè tà. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àwa oníwèé-ìròyìn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ! Bébà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ń tẹ ìwé náà, ni wọ́n bá sọ àwọ̀ yẹn di ẹ̀wù ẹni tó bá wà níwájú láti ọdún 1919. Ìpele 21 ni wọ́n máa ń gùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ méjì péré ni ìsinmi, kìlómítà tí wọ́n ń rìn sì máa ń lé ní 3,300. Aago kálukú ni wọ́n ń ro pọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí aago tiẹ̀ bá kéré jù lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ló gba ẹ̀wù ìyeyè náà lọ sílé, pẹ̀lú 500,000 owó yúrò. Nítorí náà, èèyàn lè má gba ipò kìíní ní ìpele kankan, kó sì gba gbogbo ẹ̀ pátá lápapọ̀.

Ó tún ku ibì kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Eré ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe eré ẹnì kan. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan ni wọ́n sì máa ń sìn. Àwọn méje yòókù ló ń gba afẹ́fẹ́ sára kó má baà kan ọ̀gá, àwọn ló ń sáré lọ bu omi wá, bí táyà ọ̀gá bá jò, wọ́n á yọ táyà tiwọn fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pín owó tí ọ̀gá bá gbà.

Wàyí o, kí ni Pogačar ṣe tí wọ́n fi ń fún un ní ọ́ọ̀dì bí owó orí? Ọdún 1998 ni wọ́n bí i, lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án. Ó gba Tour lọ́dún 2020, ó gbà á lọ́dún 2021, ó gbà á lọ́dún 2024, ó tún gbà á lọ́dún 2025. Lọ́dún 2024 yẹn, ó ti kọ́kọ́ gba Giro, ìyẹn eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Ítálì, kó tó wá gba ti Faransé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe láti ìgbà tí Marco Pantani ti ṣe é lọ́dún 1998. Ìpele mẹ́fà ló gbà nínú Tour ọdún náà. Ó tún di ọ̀gá gbogbo ayé ní Zürich lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tó sì di ọdún 2025, tí wọ́n gbé ìdíje àgbáyé wá sílẹ̀ aláwọ̀ dúdú fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda, òun náà ló tún gbà á. Kìlómítà tó lé ní 60 ló fi dá nìkan gùn ún kó tó dé òpin. Àwọn mẹ́rin péré ló gba Tour nígbà márùn-ún nínú ìtàn, Anquetil, Merckx, Hinault àti Indurain. Ti Lance Armstrong ò sí níbẹ̀ mọ́, a máa dé orí ìyẹn. Ọ̀kan péré ló kù kí Pogačar bá wọn jókòó nígbà tí ọdún 2025 parí. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ yìí ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ara ń ta á ni.

Síbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù pé ẹni tó wà lókè àtẹ lè já bọ́.

Ẹ gbọ́ ti ọdún 2020. Àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n sún eré náà sí oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Primož Roglič, tí òun náà jẹ́ ọmọ Slovenia, ló wọ ẹ̀wù ìyeyè fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ló le jù, gbogbo èèyàn ló sì ti gbà pé ó parí. Ó ku ìpele méjì péré, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 57 ṣáájú Pogačar, ọjọ́ eré aago ló sì kàn, níbi tí kálukú yóò ti dá gùn ún, tí aago nìkan yóò dá ẹjọ́. Kìlómítà 36 ni, òkè La Planche des Belles Filles ni òpin rẹ̀. Roglič gbéra, ó ń gùn, ṣùgbọ́n aago ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa. Akoto orí ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ẹ̀ fàro bí ẹni tí wọ́n jí àpò rẹ̀ gbé lọ́jà. Nígbà tí wọ́n máa fi parí, Pogačar ti fi ìṣẹ́jú kan àti àáyá 56 nà án. Ó dọ̀la kó pé ọmọ ọdún 22 lọ́jọ́ tó wọ ìlú Paris, kò sì tíì sí ẹni tó kéré tó o tó gba Tour láti ohun tó lé ní 100 ọdún. Ẹni tó bá kówó lé Roglič lọ́sẹ̀ yẹn, tó ti ń ṣírò ohun tó máa fi èrè rà, ilé ló ti wo tíkẹ́ẹ̀tì tó gé. Kì í sì í ṣe òun nìkan nírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí: lọ́dún 1989, Laurent Fignon fi ìṣẹ́jú àáyá 50 ṣáájú Greg LeMond ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, eré aago náà ni. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni Fignon fi pàdánù!

Ẹ̀san ké lọ́dún 2022. Pogačar ló wọ ẹ̀wù ìyeyè báyìí o, òun ni bánkà gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè Galibier ní ìpele kọkànlá, Roglič àti Jonas Vingegaard ọmọ ilẹ̀ Denmark, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á bí ẹni gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan á sá jáde, Pogačar á lé e bá. Kó tó mí, èkejì á tún sá jáde. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá gbogbo wọn lóhùn, kò mọ̀ pé epo ló ń jó. Ìgbà tí wọ́n dé òkè Granon tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àti àáyá 51 ni Vingegaard fi sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀wù náà sì bọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Pogačar fi ọrùn-ọwọ́ ṣẹ́ nínú eré kan ní Bẹ́ljíọ̀mù lóṣù kẹrin, ó sáré tọ́jú ara ẹ̀ kó lè bá Tour. Ó bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé òkè Col de la Loze ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lórí rédíò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti lọ, òun ti kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pàdánù níbẹ̀. Vingegaard fi ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 29 gba ti ọdún yẹn.

Èyí tá a sọ wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ló fà á. Èyí tó máa ń dùn mí jù fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ni èyí tí ẹsẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀, ìyẹn ìṣubú. Lọ́dún 2014, Chris Froome tí wọ́n bí ní Nairobi àti Alberto Contador ọmọ Sípéènì ni gbogbo ayé ń wò. Froome ṣubú títí tó fi já a sílẹ̀ ní ìpele karùn-ún. Ó di ìpele kẹwàá, Contador náà ṣubú, eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́. Kò tíì pé ìdajì ọ̀nà, bánkà méjèèjì ti relé, Vincenzo Nibali ló rọra gba ẹ̀wù lọ. Bí oṣù kẹrin ọdún 2024 náà ṣe rí nìyẹn, nínú eré kan ní agbègbè Basque lórílẹ̀-èdè Sípéènì, tí kọ́nà kan ṣoṣo kó Vingegaard, Evenepoel àti Roglič sílẹ̀ pa pọ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin tí wọ́n ń retí ní oṣù keje ni o! Eegun èjìká Vingegaard ṣẹ́, egungun ìhà ṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ náà fara gbọgbẹ́, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé ikú ti dé. Pogačar ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó sọ pé agbára nìkan ló ń gba Tour, ẹ rántí kọ́nà yẹn.

Vingegaard yìí gan-an lẹni tí mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí nínú àwọn tó lè ba ọjà jẹ́. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni. Ilé iṣẹ́ ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kó tó di pé kẹ̀kẹ́ sọ ọ́ di olówó. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìṣubú tá a sọ yẹn, ipò kejì ló ṣe nínú Tour ọdún 2024. Ó tún ṣe ipò kejì lọ́dún 2025, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àáyá 24 ni Pogačar fi jù ú lọ. Ẹ wá wo ibi tó ti pàdánù ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá 5 ló sọ nù nínú eré aago ní Caen, méjì àti àáyá 10 ló tún sọ nù lórí òkè Hautacam. Ọjọ́ méjì yẹn nìkan ti kó ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 15 nínú owó orí ẹ̀. Àwọn òkè ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Ìyàwó ẹ̀ tiẹ̀ bá àwọn oníròyìn ilé wọn sọ̀rọ̀ lọ́dún náà pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọkọ òun ń gbé fún un ti ń pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Kó tó parí ọdún, ọkọ lọ gba Vuelta, eré ńlá ti ilẹ̀ Sípéènì. Ẹni tí iṣẹ́ ti pa kì í gba Vuelta.

Pogačar náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú Tour ọdún 2025. Ó ti fi iṣẹ́jú tó pọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ojú ẹ̀ ti lọ, òun fúnra ẹ̀ sì jẹ́wọ́ fáwọn oníròyìn pé òun ti ń bi ara òun pé kí lòun tún ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ọ́ọ̀dì nìkan ò ní rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó ti gba gbogbo nǹkan lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ó sú òun.

Remco Evenepoel ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ńkọ́? Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀lù ló yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ràn èyí, torí bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ ń gbá, ní Anderlecht àti PSV, ó sì ti ṣe kápútẹ̀nì fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wọn kó tó gun kẹ̀kẹ́. Bó bá di eré aago, kò sí ẹni tó ń bá a ṣeré. Òun ló gba góòlù méjèèjì, ti eré aago àti ti ojú títì, ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, kò sì sí ọkùnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní Kigali lọ́dún 2025, ọjọ́ ìbí Pogačar gan-an ni wọ́n sá eré aago. Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ni Pogačar fi ṣáájú rẹ̀ gbéra, ni Remco bá lé e bá lójú títì, ó sì kọjá ẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá ọ̀nà iwájú ilé! Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni Pogačar gbẹ̀san lára ẹ̀ nínú eré ojú títì. Ibi tí ìṣòro Remco wà ni òkè gíga lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ṣe ipò kẹta lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n lọ́dún 2025, orí òkè Tourmalet ló ti sọ̀ kalẹ̀, tó wọ mọ́tò. Ó ti kó lọ sí ẹgbẹ́ Red Bull láti ọdún 2026, níbi tí Roglič wà, tí Florian Lipowitz ọmọ Jámánì náà wà. Lipowitz yìí ló ṣe ipò kẹta lọ́dún 2025. Ọ̀gá mẹ́ta nínú ilé kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé ilé olórogún rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti Roglič, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kíá. Ó gba Vuelta nígbà mẹ́rin, ó gba Giro lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n Tour ń bá a ṣọ̀tá. Ó já a sílẹ̀ lọ́dún 2021, 2022 àti 2024, ipò kẹjọ ló ṣe lọ́dún 2025. Ọdún 1989 ni wọ́n bí i. Mi ò ní fi owó mi lé e.

Nínú ẹgbẹ́ Pogačar gan-an, UAE, èèyàn méjì wà tí ọ́ọ̀dì wọn yẹ ní wíwò, João Almeida ọmọ Potogí àti Isaac del Toro ọmọ Mẹ́síkò. Èkíní ṣe ipò kejì nínú Vuelta ọdún 2025, èkejì ṣe ipò kejì nínú Giro ọdún yẹn. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2018, tí Froome jẹ́ ọ̀gá, tí Geraint Thomas tó wá sìn ín sì gba ẹ̀wù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí nǹkan kan bá ṣe Pogačar, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni yóò gba iwájú. Àwọn Faransé ní tiwọn ń wo Paul Seixas, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2006. Láti ọdún 1985 tí Hinault ti gbà á kẹ́yìn, ọmọ Faransé kankan ò tíì gbà á mọ́, ojú sì ti ń kán wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́tẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ọ́ọ̀dì ọmọ yìí nílẹ̀ Faransé. Ìfẹ́ àwọn èèyàn ẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí Super Eagles lọ́dọ̀ wa.

Ojú ọ̀nà náà wà lára ohun tí oní-tẹ́tẹ́ máa ń wò. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n kéde ti ọdún 2026. Barcelona ni wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ sí, lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje, eré aago tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń gùn ni wọ́n sì fi ṣí i, bíi kìlómítà 19. Èyí ń ṣe ẹni tó ní ẹgbẹ́ tó gbó lóore. Eré aago àdágùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i, kìlómítà 26 láti Évian lọ sí Thonon, bó bá sì jẹ́ pé kìlómítà 50 ni, Remco ì bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá lọ kó gbogbo ata sí ẹ̀yìn ọbẹ̀. Ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, ìpele kọkàndínlógún àti ogún, ni wọ́n ní kí wọ́n gun Alpe d'Huez, òkè tó ní kọ́nà 21. Kí wọ́n tó débẹ̀ ní ìpele ogún, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gun Croix de Fer, kí wọ́n ti gun Galibier tó ga tó mítà 2,642. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni Paris. Ọ̀nà tí wọ́n là bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà níwájú sùn dáadáa títí di òru tó kẹ́yìn, ohun tí wọ́n sì ń wá nìyẹn, torí eré tí èèyàn ti mọ ẹni tó gbà á kì í pa owó tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ ó ní kí wá ni kẹ́ ẹ ṣe? Èmi ní tèmi, mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi ti 1,000 náírà pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí 400, nígbà tí ìṣubú kan ṣoṣo lè gé e. Tẹ́tẹ́ ẹni tó máa wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yé mi ju tẹ́tẹ́ ẹni tó máa gba ẹ̀wù ìyeyè lọ. Tẹ́tẹ́ ojoojúmọ́ tún dáa jùyẹn, torí pé ẹni tó kówó lé ìpele kan á ti rí àwọn tí ara ń ro àti àwọn tí ara wọn le.

Ẹ̀wù mìíràn tún wà, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá kó máàkì jọ jù nínú eré asáré-parí. Ibẹ̀ lọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti fakọ yọ. Biniam Girmay, ọmọ ìlú Asmara ní Eritrea, tí wọ́n bí lọ́dún 2000, gba ìpele kẹta nínú Tour ọdún 2024 nígbà tí wọ́n wọ ìlú Turin. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gba ìpele kankan nínú Tour. Ẹnu àwọn èèyàn ò tíì pa dé, ó gba ìpele kẹjọ, ó gba ìkejìlá, ó sì gbé ẹ̀wù ewé náà délé. Kí eré yẹn tó bẹ̀rẹ̀, òun kọ́ ló wà lókè àtẹ fún ẹ̀wù ọ̀hún, ẹni tó bá gbà á gbọ́ nígbà náà rówó mú. Àmọ́ ẹ tún wo apá kejì ẹ̀: lọ́dún 2025 tí gbogbo èèyàn ti wá mọ̀ ọ́n, tí ọ́ọ̀dì ẹ̀ ti wálẹ̀, kò gba ìpele kan ṣoṣo, Jonathan Milan ọmọ Ítálì ló gba ẹ̀wù náà. Girmay yìí kan náà ni kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì fò lù lójú lórí pèpéle lọ́dún 2022, lẹ́yìn tó gba ìpele kan nínú Giro, tó di pé ó já eré sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí oní-tẹ́tẹ́ tó lè fi ìyẹn sínú ìṣirò.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bi àwọn oní-ṣọ́ọ̀bù ní ohun méjì. Èkíní, bí ẹni tẹ́ ẹ kówó lé bá fara pa ṣáájú ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, tí kò gbéra rárá, ṣé wọ́n á dá owó padà? Ọ̀pọ̀ nínú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta láti oṣù mélòó kan ṣáájú, owó ti wọlé nìyẹn, kò sí àdápadà. Àwọn tó ta lórí Vingegaard ní oṣù kejì ọdún 2024 á ti mọ bí àyà ṣe ń já lẹ́yìn kọ́nà ilẹ̀ Basque yẹn. Èkejì, bí wọ́n bá gba ẹ̀wù lọ́wọ́ ẹni tó wọlé nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀ ńkọ́? Gbogbo méje tí Lance Armstrong gbà láti 1999 dé 2005 ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 2012, tí wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni. Ti ọdún 2006, Floyd Landis ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù ní Paris kó tó di ti Óscar Pereiro. Èsì ọjọ́ tí wọ́n parí eré ni ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ fi ń san owó. Ẹni tó kówó lé Pereiro tó sì ti ya tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dànù, kó má wulẹ̀ padà lọ wá a.